Kí O Tó Gún Ará Etí Omi Lábẹ́rẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ìjọba, ẹni tí àwọn ọmọdé ń rí tí wọ́n ń sá,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé Awoyaya ṣì wà níbi tí mo fi í sí? Àwa wà. Ìyá rẹ ń bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà kan tí mi ò ní í ṣàlàyé nínú ìwé. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì náà ti ń kọ́ ọ lára rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o ò mọ̀ nípa bàbá rẹ fún ọ. Èmi gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé orí omi lẹ́yìn Ajah. Kí ẹ̀yin tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ funfun kiri, èmi ti kó dókítà sínú ọkọ̀ ojú omi, mo gbé kúlà abẹ́rẹ́ rù, igba èèyàn sì tò sílẹ̀ dè mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó dáa. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ni, àti ọkùnrin kan tó ń kọ orúkọ èèyàn. Awakọ̀ ló gbé kúlà. Èmi kàn tọ́ka sí ibi tó máa gbé e sí ni. Ní ti igba èèyàn yẹn, tí a bá ka àwọn adìyẹ mọ́ ọn, bóyá ó lè tó ọgọ́ta. Kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, òun ló sì mú kí n máa kọ ìwé yìí.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, inú bí ọ débi pé o gbàgbé láti kí mi. O ní, “Bàbá, àwọn Ẹ̀gùn etí omi yìí, èèyàn ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú!” O ní obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mautin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ìyàwó ọmọ òun. Oyún ọmọbìnrin náà sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìwọ ló kọ́ mi lórí fóònù pé àrùn ẹ̀dọ̀ yìí ń ti ara ọkọ dé ara aya, ó ń ti ara ìyá dé ara ọmọ, àti pé bí ìyá bá ní in, ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. O ní Ọjọ́bọ̀ lẹ máa padà lọ, pé bí wọ́n bá tún lé yín, ọ̀gá yín ní Lẹ́kkí Phase 1 á kó yín lọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, o ò gbọ́ ohùn mi mọ́. O rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo mọ Ìyá Mautin. Sẹ̀wánù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni Hùnsù, ọkùnrin gíga tó máa ń gbé ẹja ẹpìyà wá fún wa nígbà tí o wà ní kékeré, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́pìyà. O máa ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ni pé mẹ́dọ̀wú yìí náà ló pa á. Nítorí náà, kì í ṣe ilé kan lásán ni wọ́n ti mọ́ ọ lójú. Ilé yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀.

Nísinsìnyí, fetí sílẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkẹfà lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọ̀ mí lára dáadáa. Mo máa fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ mi bíi tíṣà.

Ìkínní. Má pe ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní olóríkunkun.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kejì, wọ́n wá gún wa lábẹ́rẹ́ nílé ìwé, irú èyí tó máa ń fi àpá sílẹ̀ lápá. Bí mo ṣe rí abẹ́rẹ́ náà, mo gba ojú fèrèsé jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwé ní kí gbogbo wa fi apá hàn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, pé ẹni tí kò bá ní ojú abẹ́rẹ́ á jẹ ẹgba mẹ́fà. Mo lọ sábẹ́ igi kajú, mo fọ́ kóró tútù kan, mo fi omi rẹ̀ kan apá mi kó lè dá àpá sí i. Àbẹ̀kẹ́, omi yẹn ń jó bí iná! Apá mi wú, ó bó, ó sì gba ọyún. Nígbà tí ìyá mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní abẹ́rẹ́ ìjọba ni.

Ìyá mi ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sùn sílé. Ó fà mí láti ojúlé dé ojúlé, ó ń ká ọwọ́ aṣọ mi sókè: “Ẹ wo ohun tí wọ́n fi apá ọmọ mi ṣe!” Nígbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ tún padà wá, kò sí ìyá kan ní àdúgbò wa tó yọjú. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí èéyi mú lọ́dún yẹn. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

O rántí àpá tí o máa ń fọwọ́ kàn, tí mo sọ fún ọ pé ẹkùn ló bù mí jẹ? Kajú ni. Má bínú.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé abẹ́rẹ́ jẹ apá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, má rẹ́rìn-ín, má sì sọ pé irọ́ ni. Bi í pé ta ni, ọjọ́ wo ni, kí ni wọ́n fi sí i. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó lè jẹ́ pé ohun tó rí, ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ burúkú kan bí èmi ló purọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà lè dun èèyàn díẹ̀, ara ọmọ lè gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Sọ ìyẹn fún wọn kí ẹ tó gún wọn, má dúró dìgbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ìkejì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ lọ, àbí irọ́ ni mo pa? Mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí, ẹ rò pé gbogbo ayé ló ń fi aago mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní etí omi, aago mẹ́jọ, àwọn ọkùnrin ò tíì ti ibi ẹja dé. Àwọn obìnrin wà nídìí ààrò, èéfín ti kún ojú wọn, ẹja wà lórí iná. Ìwọ wá dé pẹ̀lú báírò, o ní kí obìnrin tí ẹja rẹ̀ ń jóná na ìka kí o gún un. Èmi náà á lé ọ!

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwọn àgbà ìdílé wa, tó ni ilẹ̀ etí omi náà, rán mi lọ jíṣẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀. Mo wọ bàtà tuntun, mo dé láàárọ̀, mo dúró sáàárín àwọn obìnrin, mo ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ onílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ onílẹ̀, ṣé o rí i pé ọwọ́ wa dí?” Mo ní kí wọ́n dìde nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Agbada omi tí wọ́n fi fọ ẹja ni wọ́n dà sí mi lára. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ológbò Ajah fi ń tẹ̀lé mi kiri.

Lọ láti aago méjì sókè. Ìgbà yẹn, àwọn ọkùnrin ti jẹun, wọ́n jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn obìnrin ti na ẹ̀yìn. Ọkọ wà nílé, aya wà nílé, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà pa pọ̀. Kò ní í sí pé aya gbà, ọkọ dé, ọkọ ní kò gbà.

Ìkẹta. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ yà sí, kí o jókòó, kí o mu omi tí wọ́n bá fún ọ. Má dúró nínú ọkọ̀ máa pariwo pé ẹ jáde wá. Tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. “Mì fọ́n gánjí à?” Ìyẹn ni pé ṣé wọ́n jí dáadáa. Bó o bá tiẹ̀ sọ ọ́ láago méjì ọ̀sán, sọ ọ́ ṣá. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń fi Ẹ̀gùn tèmi rẹ́rìn-ín, Hùnsù ní ó dà bí ìgbà tí àgbò bá ń kọrin. Ṣùgbọ́n wá ẹnì kan láàárín wọn tó gbọ́ Yorùbá àti Ẹ̀gùn dáadáa, àgbàlagbà tí wọ́n fọkàn tán, kó máa túmọ̀ fún yín. Kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ o. Kó má jẹ́ ọmọ Ajah tó kàn gbọ́ èdè wọn. Wàá mọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìkẹrin, fi ara rẹ hàn wọ́n. Gún ara rẹ níka lójú wọn kí o tó gún ẹlòmíì. Bí Hùnsù ṣe kú ni ìyá rẹ wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Ọmọbìnrin tó fẹ́ gún mi ò ju ọ lọ. Ó ní, “Bàbá, ẹ má fa ọwọ́ yín mọ́.” Mo ní, “Èmi kọ́ ni mò ń fà á, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ.” Ìyá rẹ di ọwọ́ náà mú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ara mi mọ́, wọ́n sì gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́. Mo gba ìkejì lóṣù tó tẹ̀lé e, ìkẹta nígbà tí oṣù mẹ́fà pé. Mo fi káàdì abẹ́rẹ́ náà sínú àpò ìwé yìí. Fi hàn wọ́n. Sọ pé àgbàlagbà tó dákú kí abẹ́rẹ́ tó kàn án ló ni ín, ó sì ṣì wà láàyè, ó ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu.

Sọ fún wọn pẹ̀lú pé bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan ní in, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú. Oògùn wà tó lè dá a dúró, bí wọ́n bá tètè mọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ ẹni bẹ́ẹ̀ níta gbangba. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà ni? Má fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilé wọn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn: bí ẹ bá dé ilé kan, ẹ kọ nọ́ńbà sára rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ ti débẹ̀. Ní inú ẹ́síteètì, kò sẹ́ni tó máa bìkítà. Ṣùgbọ́n ní etí omi, àwọn tó máa ń kọ nǹkan sára ilé ni àwọn tó ń bọ̀ wá wó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lé kúrò ní ibi méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn Ajah. Káàdì ni kí o fún oníkálukú, kó mú un lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kọ tìrẹ sínú ìwé rẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì méjì yẹn lọ nìyẹn. O ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà. Àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú yìí náà ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn nítorí pé mo gbọ́ Ẹ̀gùn, àti pé ọmọ onílẹ̀ ni mí, àwọn èèyàn á gbọ́ tèmi. Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ nọ́ńbà sára ilé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìdajì àwọn èèyàn náà ti tú páànù orí ilé wọn, wọ́n ti kó ọmọ àti ìkòkò sínú ọkọ̀, wọ́n ti gba orí ọ̀sà lọ. Ẹnikẹ́ni ò gba àyẹ̀wò. Hùnsù wà lára àwọn tó lọ. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó padà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò gbé ẹpìyà wá mọ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, inú rẹ̀ wú. Dókítà sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ tí àrùn náà ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pé ká ní wọ́n ti mọ̀ nígbà tó ṣì lágbára, àwọn ì bá ti rí nǹkan ṣe.

Bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ ọ́ ní mọ́sálásí: pé ṣọ́ọ̀kì àwọn nọ́ọ̀sì ló ba nǹkan jẹ́.

Ó ku ojú ewé kan. Ti Ìyá Mautin ni. Mo kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀ kí o lè mú un dání. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí jẹ́tì ọkọ̀ ojú omi lọ́sẹ̀ yìí láti lọ sọ ọ́ fún un lẹ́nu ara mi. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ní omi ń ru. Omi ò ru. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ra ẹja díndín, mo jókòó jẹ ẹ́ tán, mo padà sílé. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí o tó mẹ́nu kan àyẹ̀wò, kí o tó mẹ́nu kan ìyàwó Mautin, ka ojú ewé náà fún un. Má yọ nǹkan kan kúrò nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Èmi náà á wà nínú ọkọ̀ tó gbé yín lọ. Bó bá ní kí n gòkè wá, màá gòkè. Bó bá ní kí n má gòkè, màá jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi parí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lórí omi. Wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kódà bó bá ba aṣọ rẹ jẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, Rábíù.

*

Ìyá Mautin, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi,

Ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín, ọmọ mi ni. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì wá yẹn, kò sì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ló lé yín lọ. Láti àárọ̀ ni ọkùnrin yẹn ti ń kọ nọ́ńbà, ẹ rí i, kò sẹ́ni tó mira. Hùnsù ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ti jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ó ti na ìka. Òun ló fẹ́ kọ́kọ́ ṣe é kí àwọn tó kù lè rí i. Ó wá bi mí ní Ẹ̀gùn pé, “Rábíù, kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe?”

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kí àwọn má baà gbàgbé ilé kankan ni. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ yí wa ká, mo sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Wọ́n ń ka yín ni, kí wọ́n lè mọ iye ọkọ̀ tí wọ́n máa fi kó yín dànù. Ìdílé wa ti ta ibí.”

Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Hùnsù wo ojú mi, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó dìde. Mo lè pè é padà. Mo lè sọ pé eré ni mò ń ṣe. Ojú tì mí níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo ẹ̀yin àti ọkọ yín bí ẹ ṣe ń tú páànù.

Ẹnikẹ́ni ò ta ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lé yín lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ yín ò sá fún àyẹ̀wò. Èmi ni mo pa irọ́ fún un.